Onítìmùtìmù àti Ológbò Méjì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń sùn, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń sùn kò tíì mọ̀ ọ́n rárá. Àga ló ń tún ṣe. Àga tí sípíríǹgì rẹ̀ ti já, àga tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti rún, àga tí ọmọdé ti fi bírò ya gbogbo apá rẹ̀, kò sí èyí tó ń kọ̀. Á tú u palẹ̀, á fi òwú àti fọ́ọ̀mù tuntun kún inú rẹ̀, á fi aṣọ tuntun bò ó, á kan ìṣó wẹ́wẹ́ yí i ká. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Onítìmùtìmù. Ṣùgbọ́n bó bá ti parí àga kan, kì í ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ lọ́sàn-án, á fẹ̀yìn tì, á na ẹsẹ̀, oorun á sì gbé e lọ. Ó ní àga tí òun ò bá lè sùn nínú rẹ̀, òun ò ní gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kọ́, ẹ jọ̀ọ́! Ẹnu iṣẹ́ ló wà, ojú rẹ̀ ló kàn dì.

Kò sì sí èyí tí kì í lálàá nínú rẹ̀. Ó gbà pé àwọn àga ló ń fún òun lálàá, pé ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ sínú àga máa ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú àga tí wọ́n gbé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà eléyín, ó lálàá pé gbogbo ará ìlú tò sínú odò, omi mù wọ́n dé orúnkún, kálukú gbé bàtà rẹ̀ dání, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Nínú àga gígùn obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù, ó rí òjò tó ń rọ̀ nínú ilé, tó wá ń gba ojú fèrèsé jáde lọ síta. Bó bá ti jí, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún. Ìyàwó á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á gbọ́ ọ dé òpin, á wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin yìí, orí ẹ ò pé," ni yóò wí. Ọkùnrin náà fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ìyàwó yẹn, ọ̀gá rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ o. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, obìnrin náà ló sì kọ́kọ́ débẹ̀, tó fi jẹ́ pé "Àǹtí" ni Onítìmùtìmù ń pè é níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin ń gé aṣọ, ó ń rán an; ọkùnrin ń fa aṣọ mọ́ igi, ó ń kàn án. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í ní ọwọ́ tó máa fi mú ìṣó, torí ọ̀kan di òòlù mú, èkejì ń fa aṣọ kó le. Ẹnu ni ìṣó ń gbé. Á da wọ́n sẹ́nu, á máa fi ahọ́n tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, òòlù rẹ̀ tó máa ń fa irin mọ́ra á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ìṣó kún ẹnu rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀? Imú ló fi ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn "gbé e wá fún mi," ẹni tó bá mọ̀ yín dáadáa á gbé e wá. Lọ́jọ́ kan, Onítìmùtìmù fi imú kùn ohun kan tí kò kan aṣọ, tí kò kan òwú. Àǹtí gbójú sókè, ó ní, "Tu ìṣó yẹn dànù, kó o tún un sọ." Ó tu ú dànù, ó tún un sọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú, ilé wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Bí ọ̀sán bá pọ́n, oòrùn á gba fèrèsé wọlé, òwú tó já wẹ́wẹ́ á máa léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, kò ní balẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti títì wọlé á kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ná, bí ẹni tó ṣèèṣì rìn wọnú omi. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ á máa lọ, òòlù á máa dá a lóhùn, ẹnìkan á fi imú kùn, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ wọn dàgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú rèé. Ìyá ìyàwó wá gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tó darúgbó. Kò kó ẹrù púpọ̀ wá, àfi àga ìrọ̀gbọ̀kú kan tí aṣọ rẹ̀ ti ṣá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí, inú rẹ̀ ni màmá ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, á máa wo àwọn tó ń kọjá, á máa bá ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ wọn. Títí ọjọ́ fi pé, tí màmá sùn tí kò jí mọ́. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ti jìn wọnú níbi tí màmá ń fi ìdí lé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn màmá ṣe tẹ̀, ibi tó ń gbórí lé sì ti dúdú fún òróró irun.

Nígbà tó yá, ìyàwó rìnrìn-àjò lọ bá àkọ́bí wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ilé dá wáí. Àárò ìyàwó rẹ̀ wá ń sọ Onítìmùtìmù, ó ní kí òun ṣe ohun kan tí yóò yà á lẹ́nu tó bá padà dé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ẹni tí kò mọ̀ ju àga lọ lè ṣe fún obìnrin tó fẹ́ràn? Ó gbé àga màmá wọ ṣọ́ọ̀bù! Ó tú u délẹ̀délẹ̀. Ó fi sípíríǹgì tuntun sí i, ó fi fọ́ọ̀mù tó dára jù lọ dí ibi tó jìn, ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó, ó fi okùn wíwun yí etí rẹ̀ ká. Aṣọ àti òwú àtijọ́, ó kó wọn fún ọkọ̀ akólẹ̀. Láyé rẹ̀, kò tíì ṣe àga tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó sùn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, kò lá àlá kankan. Ì bá ti fura.

Ìyàwó dé. Ó rí àga. Ó lọ bá a, ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, fọ́ọ̀mù náà tì í lọ́wọ́ padà. Ó ní, "Ibo lo gbé e sí?"

"Kí ni mo gbé síbo?"

"Ibi tí ìyá mi ń jókòó sí."

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú o, àmọ́ ẹnu tó lò lọ́jọ́ yẹn, ẹnu burúkú ni. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ara ṣe kò gba "o ṣeun," inú bá bí i. Ó ní, "Àga tó bàjẹ́ ni mo tún ṣe. Ṣé ìwọ náà kì í ṣe oníṣẹ́ ni? Àbí o fẹ́ ká máa tọ́jú ìdọ̀tí ni?" Ìdọ̀tí! Ó ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé gbé mì mọ́. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó yíjú, ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà mọ́. Ọkọ náà sì gbé agídí wọ̀, kò tọrọ àforíjì.

Ẹ má rò pé ilé wá dákẹ́. Àbígbẹ̀yìn wọn, obìnrin, ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n sọ di afárá. "Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Sọ fún màmá ẹ pé mo ti rí i." "Bi bàbá ẹ pé ṣé ojú ẹ̀ ló fọ́ tí ò rí ìgbálẹ̀." Bẹ́ẹ̀ inú yàrá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà! Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà kì í tiẹ̀ la ẹnu mọ́. Á kàn yí orí láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ á ti kọjá.

Iṣẹ́ nìkan ni ìjà náà kò fọwọ́ kàn. Bí Onítìmùtìmù bá da ìṣó sẹ́nu, tó fi imú kùn pé òun fẹ́ sìsọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀ á gbé e fún un, kò kàn ní wo ojú rẹ̀ ni. Ó jọ pé wọ́n ti gbà láìsọ pé ohun tí ènìyàn bá fi imú kùn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà wá fẹ́ fi ìyẹn ṣe ọgbọ́n. Lọ́jọ́ kan, tòun ti ìṣó lẹ́nu, ó fi imú kùn, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró díẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́, ó gbé òwú dúdú fún un. Ta ló béèrè òwú? Ó mọ ohun tó gbọ́, ọkọ rẹ̀ náà sì mọ̀ pé ó gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń tọrọ àforíjì tó tún fi ìṣó dí ẹnu, kó lè sọ lọ́la pé òun ò wí nǹkan kan, òwú dúdú náà tọ́ sí i.

Ohun tó wá ń dun Onítìmùtìmù jù ni àwọn àlá rẹ̀. Kò rí ẹni sọ wọ́n fún mọ́. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan: "Sọ fún màmá ẹ pé mo lálàá pé gbogbo àga àdúgbò yìí ń wọ́ lọ sí etí òkun, wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀..." Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, èyí ju agbára mi lọ." Ló bá gbé àlá mì. Ọ̀kan kò sì yé padà wá bá a, àga yòówù kó sùn nínú rẹ̀. Á gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá kejì, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Á ṣí ilẹ̀kùn, á bá yàrá tó ṣófo, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohùn náà á sì ti sún sí yàrá tó tẹ̀lé e. Á ṣí ìyẹn náà. Báyìí ni yóò máa ṣílẹ̀kùn títí yóò fi jí.

Nígbà tí àbígbẹ̀yìn lọ sílé ọkọ nílùú mìíràn, ẹ ò rò pé wọn á sọ̀rọ̀ báyìí? Kàkà bẹ́ẹ̀, fóònù ni wọ́n gbé. Ìyá á pe ọmọ: "Sọ fún bàbá ẹ pé kó lọ pa iná ẹ̀yìnkùlé." Ọmọ á pe bàbá, fóònù bàbá á dún níwájú ìyá. "Bàbá, iná ẹ̀yìnkùlé." Onítìmùtìmù á dìde, á lọ pa iná. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ sú ọmọ náà, ó pe àwọn méjèèjì pọ̀ sórí fóònù kan, ó sì fẹ̀hónú hàn. "Èmi ò ṣe mọ́! Mo ti lọ́kọ! Ilé yín ń bà mí lẹ́rù, bí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ òkú ló rí. Nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí yín tó ti fẹ̀yìn tì, ológbò ló ń sìn, ológbò onídìílé tí wọ́n mọ bàbá àti ìyá-ìyá rẹ̀. Irú méjì ló ní, Páṣíà àti Síámù. Èmi ni mo máa rà á fún yín. Ẹ lọ yan ọ̀kan. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ yàn án o! Ẹ ò gbọdọ̀ pè mí." Ló bá pa fóònù.

Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín dé ìfun. Onítìmùtìmù, kó máa sin ológbò tó ń fi èékánná ya àga? Ẹni tó ń ta ìwé kó wá ra ewúrẹ́ sílé! Àmọ́ inú tọkọtìyàwó náà kò dùn sí i rárá. Wọ́n mọ ohun tí ọmọ wọn fi lọ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá lè fẹnu kò lórí ológbò, ó parí nìyẹn, báyìí ni wọ́n á ṣe máa gbé títí ọ̀kan yóò fi sin èkejì. Ọkùnrin náà rò ó nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹ̀rù sì bà á. Ojú ọ̀run ti ṣú. Òun ló ṣíwájú, ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì pé kó ṣọ́ gọ́tà.

Ilé nọ́ọ̀sì náà mọ́ tónítóní, ó ń rùn fún ọṣẹ àti mílíìkì. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sanra, ó wọ sílípáàsì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Páṣíà wà lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dùbúlẹ̀ gẹ̀lẹ̀tẹ̀. Irun rẹ̀ gùn, ó pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò sì fẹ́ bínú. Síámù ní tirẹ̀ ti pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ funfun bíi wàrà, etí àti ìrù rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ búlúù rekete, ariwo ni lẹ́nu rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán.

"Páṣíà yìí," ni nọ́ọ̀sì wí, "ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí láàárọ̀, ibẹ̀ lẹ máa bá a nírọ̀lẹ́. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa ya irun ẹ̀ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ta kókó. Síámù ní tiẹ̀, aláròyé ni. Ọ̀rọ̀ ni láti ìdájí. Bẹ́ ẹ ò bá dá a lóhùn, á tẹ̀ lé yín dé balùwẹ̀ lọ bi yín."

Onítìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ ìgbà tó fi imú kùn bó ṣe máa ń ṣe nídìí iṣẹ́. Síámù gbórí sọ́tùn-ún, ó ké. Ó tún kùn, ológbò tún ké, ó tiẹ̀ fi kún un. Inú ọkùnrin náà dùn.

"Nọ́ọ̀sì," ó wí, "ẹ bá mi sọ fún wọn pé Síámù ló wù mí."

"Fún àwọn wo?"

Ó fi àgbọ̀n júwe ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó kò wò ó. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi wọ́n pé ṣé wọn ò rí èékánná ẹ̀ ni? Àga ta ni wọ́n fẹ́ kó fà ya? Páṣíà lèmi fẹ́."

"Ẹ sọ fún wọn pé ìrọ̀rí ni Páṣíà yẹn jọ. A ti ní ìrọ̀rí nílé."

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé mo jọ fóònù ni?" Ó rọra mí kanlẹ̀, ó ní kí Onítìmùtìmù jókòó ná, ó wá fa ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí àwọn ológbò.

Àga ìrọ̀gbọ̀kú nọ́ọ̀sì ti pẹ́. Onítìmùtìmù tẹ apá rẹ̀, ó gbọ́ sípíríǹgì tó ń kọrin lábẹ́, ó fẹ̀yìn tì í kó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ná, ó wá le. Síámù pàápàá dákẹ́. Ojú Onítìmùtìmù dì, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ilé tó máa ń wà, ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohùn ìyàwó rẹ̀ níwájú. Ó ṣí àkọ́kọ́, kò sẹ́nìkan. Ó ṣí èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà kò sún. Ó dúró sójú kan, ó sì ń gbọ́ ohun tó ń wí.

"Tó bá jáde lọ ra aṣọ àga, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀," ni ohùn náà ń sọ. "Ibi tí ẹ̀yìn ìyá mi tẹ̀ sí yẹn, ẹ̀yìn tèmi náà bá a mu rẹ́gí. Mi ò ní sunkún o. Màá kàn jókòó bí ẹni tó jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀. Màá gbórí síbi tó ń gbórí sí, màá gbóòórùn irun ẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ mi, màá dìde."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?" Ohùn nọ́ọ̀sì nìyẹn.

"Ó pè é ní ìdọ̀tí. Ọmọ wo ni mo sì fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ yẹn rán? Mi ò torí ológbò wá, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Àga yẹn ni mò ń rò. Ó le gbagidi, ó ń dán, bí ẹni pé ẹnìkan ò jókòó síbẹ̀ rí. Èyí tó máa sùn síbì kan pẹ́ yìí, ó lè jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìyá mi. Mo mọ̀."

Onítìmùtìmù kò lajú. Kò mọ̀ bóyá oorun ló ń sùn tàbí ó ti jí, òjò sì ń rọ̀ síbẹ̀. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń já aṣọ àtijọ́ yẹn kúrò lára igi, ó rí bó ṣe ń súfèé nígbà tó ń jù ú sínú ọkọ̀ akólẹ̀. Láti ìgbà tí màmá ti kú ni obìnrin yìí ti ní ibi kan tó ń lọ, nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé, òun ò mọ̀, òun ló sì wó o. Omijé ṣàn wọ̀ ọ́ létí.

Nọ́ọ̀sì padà dé, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi lajú. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ológbò tó bá bára ẹ̀ nílé tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, á rò pé òun ni wọ́n ń bá jà. Kò ní jẹun. Mo ti rí i rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. Mò ń lọ bọ ẹja. Tí mo bá dé tẹ́ ẹ bá ti fi ẹnu ara yín sọ ọ̀kan fúnra yín, ẹ gbé e lọ. Tẹ́ ò bá sọ, ẹ máa lọ lọ́wọ́ òfo." Ó wọ ilé ìdáná, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó wá ku àwọn méjì àti ológbò méjì. Kò sí ìṣó lẹ́nu Onítìmùtìmù, kò sí ọmọ tí yóò rán, ìyàwó rẹ̀ dúró sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i. Ó mọ̀ pé bí òun bá jáde níbẹ̀ láìsọ ọ́, òun ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé.

Ó dìde. "Mi ò sùn," ó wí. "Tàbí mo sùn, mi ò mọ̀. Mo gbọ́ ohun tó o sọ." Ẹ̀yìn obìnrin náà le, kò yíjú. "Mo jẹ̀bi. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìyá ẹ ni. Ó yẹ kí n bi ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, mi ò bi ọ́. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni mo rò pé mo ń lò. Mo sì ti kó o dànù, mi ò lè gbà á padà, bó o bá ní kí n lọ wá a mi ò mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Jọ̀ọ́. Jẹ́ ká gbé Páṣíà. Èyí tó wù ẹ́ ni ká gbé."

Òjò ń rọ̀. Síámù wá láti abẹ́ tábìlì, ó dúró láàárín wọn, ó ké gbọnrangandan.

"Kí lo wá ń fi alariwo yìí ṣe?" ni obìnrin náà bi í.

Ó bi í! Òun! Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Onítìmùtìmù kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ti wọlé.

"Ó ń dáhùn," ó wí.

Obìnrin náà yíjú sí i wàyí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo ọkùnrin náà, irun rẹ̀ tó ti funfun, òwú tó lẹ̀ mọ́ apá ẹ̀wù rẹ̀ bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì wò ó pẹ́.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ó wí.

"Mo gbọ́."

"Mi ò sì mọ ìgbà tí mo máa dárí jì ẹ́."

"Mo gbọ́."

"Má dúró síbẹ̀ kó o máa sọ 'mo gbọ́, mo gbọ́' fún mi! Ṣé ìwọ ò mọ ohun mìíràn tó o lè sọ ni?"

Ẹ ó ní kí ló dùn níbẹ̀. Kò dárí jì í, ó tún jágbe mọ́ ọn. Àmọ́ "ìwọ" ló pè é. Kì í ṣe "wọ́n," kì í ṣe "bàbá ẹ." Inú Onítìmùtìmù dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi tún jókòó padà sínú àga tí sípíríǹgì rẹ̀ ń kọrin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú tó bi wọ́n pé èwo ni, ìyàwó ní Páṣíà, ọkọ ní Páṣíà, nọ́ọ̀sì ní ṣé ẹ̀ ń rí i, kò pa yín. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ fún wọn, ó fi kóòmù rẹ̀ lé e.

Òjò ti dá nígbà tí wọ́n jáde. Títì ń dán, ojú ọ̀run wà nínú gbogbo kòtò omi, ilé gbogbo rí bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyàwó kò rìn lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ló wà. "Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn dáadáa, o ń mi ẹranko ẹlẹ́ranko." Ó gbé e dáadáa. "Ṣọ́ gọ́tà." Ó ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó sọ bó ṣe máa ń di irun fún màmá nínú àga yẹn, tí màmá á máa tòògbé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sọ àwọn orúkọ tí màmá fún àwọn tó ń kọjá níwájú fèrèsé, títí kan èyí tó fún ọkọ rẹ̀ gan-an, tí kò dára. Ó sọ bí inú ṣe ń bí i ní gbogbo àsìkò yìí, pé ìgbà mìíràn wà tó ń gé aṣọ tó ń wu òun kí òun gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́. Gbogbo ohun tí kò ṣeé fi rán ọmọ, ó ń kó o jáde. Èyí tó dùn wà níbẹ̀, èyí tó ń ta ènìyàn lára wà níbẹ̀. Onítìmùtìmù ń gbà á bó ṣe ń bọ̀, kò já a lẹ́nu.

Wọ́n dé kọ́nà tí wọ́n máa ń yà sí ilé wọn. Onítìmùtìmù kò yà. Ó ń lọ tààrà, ó di apẹ̀rẹ̀ mú, ó tẹ́tí. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ó wo kọ́nà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.